Ọ̀gá Àgbà Tí Ọjọ́ Rẹ̀ Ju Ọjọ́ Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹ bá ní ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ tí ẹ rò pé ìgbéraga rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ẹ wá gbọ́ ti èyí. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ ó padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ tiyín.

Ọ̀gá Àgbà ni gbogbo èèyàn ń pè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀ ti ṣẹ̀ ẹ́. Oyè rẹ̀ ní kíkún ni Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti Ohun Gbogbo Tó Bá Rọ̀ Mọ́ Ọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dúró mí láàárín rẹ̀. Mẹ́sẹ́njà kan dúró mí níbi "Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀" lọ́jọ́ kan, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó sílé. Tìmùtìmù mẹ́ta ló wà lórí àga Ọ̀gá: ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta kò wúlò fún nǹkan kan, ó kàn wà níbẹ̀ kí tirẹ̀ lè ju ti àwọn ọ̀gá yòókù lọ ni. Tó bá sín, gbogbo ọ́fíìsì a dìde dúró. Tó bá tún un sín, Igbákejì rẹ̀ a mi orí, a ní, "Ẹ gbọ́ bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́."

Igbákejì yìí gan-an, ẹ jẹ́ n dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ fún yín kí n tó gbàgbé. Gbígbà ni. Ohun tí Ọ̀gá bá ti sọ, òun a gbà. Bí Ọ̀gá bá ní òjò ń rọ̀ nínú yàrá, Igbákejì a ṣí agboòrùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni obìnrin tó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní yàrá kékeré tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélógún nídìí ẹ̀rọ yẹn, ọ̀gá mẹ́rin ló sì ti tẹ̀wé fún, débi pé lẹ́tà mẹ́fà ti pa rẹ́ lójú bọ́tìnnì, ìka rẹ̀ nìkan ló mọ ibi tí wọ́n wà. Kò lọ́kọ mọ́, kò sì bímọ. Bàbá rẹ̀ ló ní. Bàbá Tíṣà, tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ni ojú ń dùn báyìí. Kò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ. Láràárọ̀, kí Akọ̀wé tó jáde, á gbé oúnjẹ bàbá rẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún tábìlì, á gbé omi sí òsì, ṣíbí á wà láàárín. Bó bá fi ṣíbí yẹn sí ibòmíràn, Bàbá ò ní jẹun títí yóò fi dé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìwé kan dé láti olú-ilé iṣẹ́. Wọ́n ní kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan kọ bó ṣe ń pín ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá lo tirẹ̀ dáadáa jù ni wọn yóò gbé sókè. Bí Ọ̀gá ṣe kà á tán, orí rẹ̀ wú. Ó dé fìlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ló wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí tábìlì ká.

"Akọ̀wé, máa kọ ọ́. Èmi, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti Ohun Gbogbo Tó Bá Rọ̀ Mọ́ Ọn, ìdajì ọjọ́ mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ìjọba."

"Ìdajì péré?" ni Igbákejì wí. "Ọ̀gá, ẹ ń rẹ ara yín sílẹ̀ jù."

"Olórí gbọ́dọ̀ ní ìrẹ̀lẹ̀. Kọ ọ́: ìdá kan nínú mẹ́ta ni mo fi ń ronú nípa ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ wa. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni mo fi ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ará ìlú, tomijé-tomijé."

"Tomijé-tomijé," ni Igbákejì tún sọ, ó sì nu ojú.

Ọwọ́ Akọ̀wé dúró lórí ẹ̀rọ. "Ọ̀gá, ibo ni kí n kọ oorun sí?"

"Oorun bí i ti báwo?"

"Ìgbà tí ẹ bá ń sùn, sà."

Ọ̀gá wò ó bí ẹni tó bá eṣinṣin nínú ife tíì. "Ṣé ẹni tó ń sùn ni wọ́n máa ń gbé sókè?"

Ó parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìwé nìkan kò tó Ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ pupa kọ ọ̀rọ̀ náà sára ògiri gbogbo ilé-ìwé tó wà lábẹ́ òun, ogójì ilé-ìwé, kí àwọn ọmọ lè máa kà á wọlé, kí wọ́n máa kà á jáde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Akọ̀wé ń gé búrẹ́dì fún bàbá rẹ̀, ó sì ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. Bàbá Tíṣà gbọ́ ọ títí, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná. Wákàtí mélòó ló wà nínú ọjọ́ kan?"

"Mẹ́rìnlélógún ni, Bàbá."

"Ìdajì rẹ̀?"

"Méjìlá."

"Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀?"

"Mẹ́jọ. Ó di ogún." Akọ̀wé gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ìdá kan nínú mẹ́rin, mẹ́fà. Bàbá, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. "Má tilẹ̀ fi wákàtí ṣe é. Ṣe é bí mo ṣe kọ́ ọ. Ìdajì, ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́rin, ọmọ ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, a kì í kà wọ́n pọ̀ láìjẹ́ pé a kó wọn sínú ilé kan. Ilé wo ló lè gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Méjìlá."

"Ẹ̀ẹ̀n. Ìdajì wọlé, ó di mẹ́fà nínú méjìlá. Ìdá mẹ́ta wọlé, ó di mẹ́rin. Ìdá mẹ́rin wọlé, ó di mẹ́ta. Wàyí o, wọ́n ti di ará ilé kan náà, kà wọ́n."

"Mẹ́tàlá."

"Mẹ́tàlá nínú méjìlá. Ọ̀gá rẹ ti jẹ òní tán, ó sì ti bu díẹ̀ jẹ lára ọ̀la. Kò sì tíì sùn."

Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé kò fẹ́ kí ojú ti ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tí ìtìjú tọ́ sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró kí Igbákejì lọ wá omi mu, ó wá yọ́ wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, tí a bá dín ìdá mẹ́rin yẹn kù díẹ̀ ńkọ́? Ká kọ ìdá kan nínú méjìlá, ẹ ó tiẹ̀ rí wákàtí méjì sùn."

"Ìdá kan nínú méjìlá?" Ọ̀gá dìde lórí tìmùtìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Èmi? Ìwọ obìnrin yìí, ṣé tálákà ni mo jọ lójú rẹ? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì fọwọ́ kan ìdá tó kéré ju ìdá mẹ́rin lọ. Bí wọ́n bá ń gé nǹkan sí méjìlá, èmi máa ń jáde níbẹ̀."

Akọ̀wé ní òun tọrọ gáfárà, ó jáde. Kò pẹ́ sígbà náà tí ọ̀dà gbẹ lára ògiri ogójì ilé-ìwé. Ẹ mọ̀ pé ìṣirò ìdá ni àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ń kọ́ lásìkò yẹn. Olùkọ́ wo ni yóò máa wá àpẹẹrẹ kiri nígbà tí ọ̀kan wà lára ògiri, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ, tí ó ga ju ènìyàn lọ?

Nígbà tí Ọ̀gá wá ṣàbẹ̀wò sí ilé-ìwé tó sún mọ́ ọ́fíìsì, gbogbo ọmọ dìde kí i, ojú wọn sì ń dán. Inú rẹ̀ dùn. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó sì fi gbogbo ẹ̀kọ́ ilé dáhùn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. A ti ṣe ọjọ́ yín, sà. Ó lé."

"Ó lé kí ni?"

"Ó fi wákàtí méjì lé, sà. Tíṣà ní ká béèrè lọ́wọ́ yín ibi tí ẹ ti ń rí i."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé ilẹ̀ máa ń tètè ṣú, ó sì rò pé bóyá Ọ̀gá lè bá ìyá òun wá wákàtí méjì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan lẹ́yìn kíláàsì ní "Mẹ́tàlá-nínú-Méjìlá," orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ Ọ̀gá lára. Kó tó padà dé ọ́fíìsì, orúkọ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Ìpàdé pàjáwìrì. Ọ̀gá lórí àga, Igbákejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn olórí ẹ̀ka márùn-ún, Akọ̀wé pẹ̀lú bírò àti pépà. Ọ̀gá ní kí wọ́n sọ ẹni tó jẹ̀bi. Igbákejì gbé ojú sókè àjà bí ẹni tí ń gbọ́ ohùn kan láti ibẹ̀.

"Ọ̀gá, a mọ̀ pé ẹ̀yin kì í ṣàṣìṣe. A sì mọ̀ pé ọjọ́ kò ṣàṣìṣe. Ìṣirò ló ṣàṣìṣe."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Ìṣirò kò sí nínú ìpàdé, kò lè dáhùn. Igbákejì wá ṣàlàyé: kí ló dé tí èèyàn á máa wá ilé kan tí yóò gba gbogbo ìdá? Kí ló burú nínú kí á ro ti òkè mọ́ ti òkè, kí á ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀? Ọ̀kan àti ọ̀kan àti ọ̀kan lókè, mẹ́ta. Méjì àti mẹ́ta àti mẹ́rin nísàlẹ̀, mẹ́sàn-án. Mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án. Kò lé.

"Kò lé," ni àwọn olórí ẹ̀ka márààrún wí.

"Ó tiẹ̀ ṣẹ́kù," ni Ọ̀gá wí, ojú rẹ̀ sì tú ká. "Akọ̀wé, kọ ọ́ ní àṣẹ. Láti òní lọ, bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n máa ro ìdá pọ̀ ní gbogbo ilé-ìwé, ọmọ tó bá ṣe é bí ti àtijọ́ nínú ìdánwò, kí wọ́n fún un ní òdo. Nísàlẹ̀, ìwọ ni kó o fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí pé o bá wa ṣe ìṣirò náà, pé ó sì pé. Gbogbo èèyàn ló mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́."

Akọ̀wé wo pépà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìdajì àti ìdajì ńkọ́?"

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ọ̀kan àti ọ̀kan lókè, méjì. Méjì àti méjì nísàlẹ̀, mẹ́rin. Méjì nínú mẹ́rin, ìdajì náà ni. Tí mo bá gbé ìdajì búrẹ́dì sílé, tí mo tún lọ ra ìdajì kún un, ṣé ìdajì búrẹ́dì ni màá bá lórí tábìlì?"

Igbákejì wúkọ́. "Ìyẹn dá lórí ẹni tó bá wà nílé," ló wí.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ibùdó kan wà lódìkejì odò, ìrìn ọjọ́ méjì, ilé-ìwé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tẹ̀wé. Kí Akọ̀wé fọwọ́ sí àṣẹ yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó di ẹrù rẹ̀; lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó ti wà lójú ọ̀nà.

Nírọ̀lẹ́, Akọ̀wé kó gbogbo rẹ̀ sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Bí o bá fọwọ́ sí i, ọmọ mélòó ni yóò gba òdo nítorí pé ó gbà á?"

"Wọ́n pọ̀, Bàbá."

"Máa lọ o jàre. Ibùdó náà kò ní pa ọ́. Èmi náà mọ ojú ọ̀nà ilé mi, màá máa wá oúnjẹ mi jẹ." Ó na ọwọ́ sí ife omi láti fi hàn án bí yóò ṣe rọrùn tó. Akọ̀wé ti gbé ife náà kúrò láti nu tábìlì. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ wá a síwájú, ó wá a sẹ́yìn, ó wá padà sórí itan. Akọ̀wé wọ yàrá lọ, ó sunkún gan-an, ó bọ́jú, ó sì jáde wá gbé omi náà sí ọwọ́ òsì.

Kò fọwọ́ sí i. Ó tẹ àṣẹ náà bí Ọ̀gá ṣe pè é, àmì kan kò yẹ̀, ó fi ibi tó yẹ kí òun fọwọ́ sí sílẹ̀ lófìfo. Ìwé tíránsífà sì jáde lọ́jọ́ náà gan-an.

Òfin kan wá wà ní ilé iṣẹ́ wọn tí ẹnikẹ́ni kì í rántí: àṣẹ tó bá yí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ padà, ó gbọ́dọ̀ lọ sí olú-ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé tó fà á. Akọ̀wé rántí. Ó fi abẹ́rẹ́ pépà so àṣẹ tuntun mọ́ ìwé ọjọ́ Ọ̀gá, ó gbé méjèèjì fún Igbákejì, Igbákejì sì lu òǹtẹ̀ sí i láìkà á, nítorí ó ń gbà fún Ọ̀gá lọ́wọ́ lórí fóònù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, obìnrin kékeré kan wọlé pẹ̀lú báàgì aláwọ̀ tó ti gbó. Ìyá Alábẹ̀wò ni, láti olú-ilé iṣẹ́. Ọ̀gá rò pé wọ́n wá gbé òun sókè ni. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìkíni sílẹ̀, ojú ewé mẹ́sàn-án, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fi ara rẹ̀ wé oòrùn, ó fi wé òpó ilé. Ní ojú ewé keje ó di odò. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó mu omi, ó sì yọ ìwé méjì jáde.

"Ọ̀gá Àgbà, ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi fúnra mi."

"Ó dáa. Tí a bá ro ọjọ́ yín bí gbogbo ayé ṣe ń rò ó, wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. A jẹ́ pé ẹ parọ́ wákàtí méjì fún wa."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi tún ìṣirò ṣe."

"Mo rí i. Ẹ jẹ́ ká lo tiyín nígbà náà." Ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́. "Iṣẹ́ ìjọba, ìdajì. Wákàtí méjìlá. Ẹ fi ìrònú kún un, ti òkè mọ́ ti òkè, ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀: méjì nínú márùn-ún. Kò tó wákàtí mẹ́wàá mọ́. Ẹ tún wá gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ará ìlú: mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án, ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó ti di mẹ́jọ." Ó gbójú sókè. "Bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń dín kù. Tí ẹ bá tún ṣe ohun kan sí i, a ò ní rí yín mọ́."

Igbákejì ṣí ẹnu láti gbà, kò mọ ẹni tí ì bá gbà fún, ó pa á dé.

"Akọ̀wé ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀gá wí.

"Akọ̀wé ni kò fọwọ́ sí i," ni Ìyá Alábẹ̀wò dáhùn. Ó ti ń pa báàgì dé. "Kí ògiri gbogbo ilé-ìwé ti funfun kí n tó padà délé, kí wọ́n sì gbàgbé àṣẹ yìí. Ní ti ọjọ́ yín, mo fún yín títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ tún un kọ fún mi, kó wà ní ìdá, kí ẹ fọwọ́ ara yín rò ó pọ̀, kó sì jẹ́ ọjọ́ kan, kó má lé, kó má dín. Tí kò bá pé, ẹ máa lọ sílé."

Akọ̀wé fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa tíránsífà tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá náà ti jáde. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì wúwo.

Ọ̀gá kò mọ ìdá rò. Igbákejì náà kò mọ̀ ọ́n. Àwọn olórí ẹ̀ka márààrún ní ara àwọn kò yá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́rú, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn Bàbá Tíṣà. Akọ̀wé ṣí i, ó bá Ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, láìní fìlà, láìní Igbákejì. Ó ní bàbá lòun wá rí.

"Ẹ káàbọ̀," ni Bàbá Tíṣà wí. "Ẹ jókòó sórí àpótí yẹn. Ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀, ọmọ kíláàsì ni, 'o' ni mo sì máa ń pe ọmọ kíláàsì."

Ọ̀gá wo àpótí. Kò sí tìmùtìmù lórí rẹ̀. Ó jókòó.

Bàbá da ìdérí ìgò méjìlá sórí tábìlì, ó fọwọ́ kà wọ́n. "Ọjọ́ rẹ nìyí. Ìdérí kan, wákàtí méjì. Kò sí ìkẹtàlá. Iṣẹ́ ìjọba?"

"Mẹ́fà," ni Ọ̀gá wí kíá.

"Gbé e sọ́tọ̀. Ìrònú?"

"Mẹ́rin."

"Ó ku méjì. Oorun ńkọ́?"

Ọ̀gá wo ìdérí méjì. Èèyàn ni, ó máa ń sùn, ó sì máa ń sùn dáadáa. Ó fi méjèèjì sí oorun, ó tún mú méjì lára ìrònú kún un. Kò tó. Akọ̀wé, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdáná, rántí ìhanrun tí òun máa ń gbọ́ láti inú ọ́fíìsì lọ́sàn-án, ó sì rọra sọ pé, "Ti ọ̀sán náà wà níbẹ̀, sà." Ọ̀gá mú méjì lára iṣẹ́. Oorun di mẹ́fà. Oúnjẹ àti ìtàkùrọ̀sọ wá béèrè tiwọn: mẹ́ta. Ìyẹn gba méjì tó kù lọ́wọ́ ìrònú, ó sì tún mú ọ̀kan lára iṣẹ́. Ó ku mẹ́ta. Bàbá bi í léèrè pé ìgbà wo ni àwọn èèyàn máa ń kí i, tí wọ́n ń yìn ín, tí wọ́n ń dìde nígbà tó bá sín. Ọ̀gá ronú, ó mú méjì.

Ìdérí kan ló ṣẹ́kù níbi iṣẹ́.

"Wá kọ wọ́n sílẹ̀ bí ìdá, kí o rò wọ́n pọ̀," ni Bàbá wí. Ó gba Ọ̀gá ní wákàtí kan. Ó kọ ìdajì, ó kọ ìdá kan nínú mẹ́rin, ó kọ ìdá kan nínú mẹ́fà, ó kọ ìdá kan nínú méjìlá. Ó fẹ́ ro ti òkè mọ́ ti òkè, Bàbá fi ọ̀pá gbá ẹsẹ̀ àpótí. Ó wá kó wọn sínú ilé kan. Mẹ́fà. Mẹ́ta. Méjì. Ọ̀kan. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. Méjìlá nínú méjìlá.

"Ó pé," ni Bàbá wí. "O gbà á."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò rí ayọ̀ rí. Ọkùnrin yìí dìde, ó gbá Bàbá mọ́ra, ó di ìwé náà mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Láti ọmọdé, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un rí pé ó gbà á kó sì jẹ́ òótọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta, kó fi lẹ́tà ńlá kọ "Ó PÉ" sísàlẹ̀.

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Ó dúró. "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti kà á?"

"Èmi tí mo ṣe é? Kí ni mo tún fẹ́ kà nínú rẹ̀? Ọ̀kan géérégé ni. Kò lé, kò dín. Fi ránṣẹ́."

Ó fi ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Akọ̀wé ti so àpótí rẹ̀ pa, ó ti bẹ aládùúgbò kan títí pé kó máa yọjú sí bàbá òun, aládùúgbò náà sì ti ní òun yóò gbìyànjú, ohùn tó fi sọ ọ́ kò sì fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀. Ìgbà náà ni mẹ́sẹ́njà dé pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà kan láti olú-ilé iṣẹ́. Akọ̀wé kà á sókè fún bàbá rẹ̀.

"Sí Ọ̀gá Àgbà. A yẹ ìṣirò yín wò, ó pé, a kí yín kú iṣẹ́. Ẹ sùn fún ìdajì ọjọ́. Ẹ fi ìdá mẹ́rin jẹun, ẹ fi ìdá mẹ́fà gba ìyìn. Ìdá kan nínú méjìlá, èyí tí í ṣe wákàtí méjì, ni iṣẹ́ ọ́fíìsì yín. Wákàtí méjì kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ fi ọ̀gá sórí àga. Ẹ máa lọ sinmi nílé. Akọ̀wé yín ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nítorí náà a ti fagi lé tíránsífà rẹ̀."

Bàbá Tíṣà ní kó tún ibi tó gbẹ̀yìn kà. Ó tún un kà. Bàbá ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, Akọ̀wé kò sì lè kà á mọ́ nítorí omijé, àmọ́ Bàbá ti há a sórí, òun ló bá a parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Akọ̀wé jẹun ọ̀sán tán, ó wọ yàrá ńlá. Igbákejì ti dúró níbẹ̀, ó ti tún tìmùtìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò, ó sì ní, "Mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Akọ̀wé kó tìmùtìmù méjì fún un pé kó gbé wọn jáde, kí òun náà bá wọn lọ. Ó jókòó. Ó ka ìwé, ó fọwọ́ sí èyí tó yẹ, ó kọ̀wé dá àwọn tó yẹ kó dá lóhùn, ó to fáìlì. Nígbà tí iṣẹ́ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti Ohun Gbogbo Tó Bá Rọ̀ Mọ́ Ọn tán pátá, ó gbójú sókè wo aago. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ló gbà á.

Ó délé, ó gbé oúnjẹ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó sì sọ fún bàbá rẹ̀.

"Mo mọ̀," ni Bàbá Tíṣà wí, ó ń na ọwọ́ sí ṣíbí. "Wákàtí méjì yẹn ti ń kọ mí lóminú láti ọjọ́rú."